Iṣẹ́ Abẹ Ìpààrọ̀ Orúnkún: Bí A Ṣe Ń Kápá Ìrora Láìfi Oògùn Pa Ara Lára

Orúnkún ni oríkèé tí ó tóbi jù lọ nínú ara ènìyàn. Òun ni ó ń gbé wa dìde lórí àpótí ìdáná, òun ni a fi ń gun àtẹ̀gùn, òun náà ni a fi ń kúnlẹ̀ kí àgbà, tí a sì fi ń gbàdúrà. Nígbà tí ohun yíyọ̀ tí ó bo orí egungun itan àti ti ojúgun bá jẹ tán, tí egungun wá ń ha egungun, gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí a di ìnira. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa pè é ní làkúrègbé, a ó sì máa fi oògùn tí a rà ní ìtòsí dá a lẹ́kun títí ọdún yóò fi gorí ọdún. Fún àwọn tí oògùn, eré ìdárayá àti dídín ìwọ̀n ara kù kò ràn lọ́wọ́ mọ́, dókítà eegun lè gé ojú egungun tí ó ti bàjẹ́ náà kúrò, kí ó sì fi irin àti ike líle rọ́pò rẹ̀. Èyí ni a ń pè ní iṣẹ́ abẹ ìpààrọ̀ orúnkún. Kò di dandan kí ènìyàn lọ sí òkè òkun nítorí rẹ̀ mọ́; wọ́n ń ṣe é ní Igbóbì ní Èkó, wọ́n ń ṣe é ní UCH ní Ìbàdàn, wọ́n sì ń ṣe é ní àwọn ilé ìwòsàn mìíràn nílẹ̀ wa.

Àpilẹ̀kọ yìí kò dá lórí bí wọ́n ṣe ń gé egungun. Iṣẹ́ dókítà ni ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìrora ni a fẹ́ sọ, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ aláìsàn àti ti àwọn ará ilé rẹ̀ ti lè dá ewu sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti lè dènà rẹ̀.

Kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́ lọ́jà. Ọdún kẹjọ rèé tí orúnkún ti ń dùn ún. Ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún un. Ó ní hóró oògùn tí ó ń rà ní kẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, èyí tí kò mọ orúkọ rẹ̀ ju pé ó jẹ́ “oògùn ara ríro”. Ó ní àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ sínú ìgò. Bí ìrora náà bá sì wá le jù, ẹnì kan wà ládùúgbò tí í máa bá a gún abẹ́rẹ́ sí orúnkún. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ní ilé ìwòsàn pé oògùn wo ni ó ń lò, ti ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni ó dárúkọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ purọ́. Lójú tirẹ̀, èyí tí dókítà bá kọ nìkan ni ó ń jẹ́ oògùn. Ti ìyókù, ó rò pé wọn yóò bá òun wí bí òun bá sọ ọ́.

Ohun tí ìyá yìí fi pamọ́ lè ṣe é ní jàǹbá lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Hóró oògùn tí ó ń rà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lè jẹ́ ibuprofen, diclofenac tàbí piroxicam. Ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Wọ́n ń dín ìrora àti wíwú kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè dá ọgbẹ́ sí inú ikùn, wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá bí a bá gé ara, wọ́n sì ń ni kíndìnrín lára. Ìnira tí kíndìnrín yóò rí tún pọ̀ sí i bí ènìyàn bá ń lo irú àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan pẹ̀lú wọn, pàápàá lisinopril àti èyí tí ń mú ni tọ̀ púpọ̀. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń ní kí a dá wọn dúró ní ìwọ̀n ọjọ́ kan ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí ó bá ń lo aspirin nítorí ọkàn tàbí nítorí àrùn rọpárọsẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a dúró o. Dókítà ni yóò sọ ohun tí ó yẹ.

Àgbo ńkọ́? A kò sọ pé ewé kò ní agbára. Agbára tí ó ní gan-an ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Àwọn ewé àti gbòǹgbò kan wà tí ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn jù, àwọn mìíràn ń já ìfúnpá tàbí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ẹni tí ó ń po àgbo kì í sì í sábà sọ iye ohun tí ó wà nínú ìgò. Ọtí tí wọ́n fi rẹ ẹ́ tún jẹ́ ewu mìíràn lọ́tọ̀ fún ẹ̀dọ̀, àti fún ẹni tí wọn yóò fún ní oògùn akunnilóorun.

Ti abẹ́rẹ́ orúnkún ni ó gba àkíyèsí jù. Oògùn tí wọ́n sábà máa ń gún sí oríkèé jẹ́ ẹ̀yà steroid. Bí wọ́n bá gún un sí orúnkún láàárín oṣù mẹ́ta ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ó ń mú kí kòkòrò àrùn lè tètè wọ inú orúnkún tuntun náà. Orúnkún tí kòkòrò bá wọ̀ lè di ohun tí wọn yóò tún la ara yọ. Ẹ̀yà oògùn yìí wà ní hóró pẹ̀lú, bíi dexamethasone àti prednisolone, àwọn oníjìbìtì sì máa ń lọ̀ ọ́ mọ́ oògùn ìbílẹ̀ tàbí oògùn inú ike tí wọ́n sọ pé ewé lásán ni. Bí oògùn kan bá mú ìrora yín lọ bí idán, tí ojú yín wá ń wú, tí ẹ ń sanra láìnídìí, ẹ fura sí i. Ara tí ó ti ń gba steroid láti ìta fún ìgbà pípẹ́ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ bí ó ti yẹ. Bí ènìyàn bá dá a dúró lójijì, ìfúnpá rẹ̀ lè já lulẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ. Dókítà akunnilóorun ní ohun tí ó lè ṣe sí i, kìkì bí ó bá ti gbọ́ nípa rẹ̀ ṣáájú.

Nítorí náà, ní ọjọ́ tí wọ́n bá pè yín fún àyẹ̀wò, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan: páálí oògùn, hóró tí kò ní páálí, ìgò àgbo, ìpara, gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ gbé e kalẹ̀ níwájú dókítà. Àṣírí tí ó tú níbẹ̀ kì í tini lójú tó ẹ̀jẹ̀ tí kò dá.

Àwọn kan wà tí oògùn tí ó lágbára ju ìwọ̀nyí lọ ti wọ̀ lára: tramadol, codeine, tàbí abẹ́rẹ́ pentazocine. Ara a máa mọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ lójú. Ohun tí hóró kan ń ṣe lánàá, méjì kò ní lè ṣe é lọ́la. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé orí ibùsùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìwọ̀n tí ó tó fún ẹlòmíràn kò ní tó o, ìrora rẹ̀ yóò sì le ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí ó bá sọ òtítọ́, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ó ní àrùn fọ̀níkúfọ̀ládìde ní ọ̀nà pàtàkì, nítorí pé àrùn náà máa ń ba oríkèé jẹ́ láti ìgbà èwe, tí ọ̀pọ̀ wọn sì ti ń gba abẹ́rẹ́ ìrora láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ilé ẹ̀kọ́. Kò yẹ kí a máa wò wọ́n bí ẹni tí ń wá oògùn kiri. Ìrora wọn jẹ́ òtítọ́. Wọ́n nílò ètò tiwọn, omi tó pọ̀ lára, àti yàrá tí kò tutù jù, kí iṣẹ́ abẹ náà má baà ru àrùn wọn sókè.

“A dúpẹ́” kì í ṣe ìdáhùn

Ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí yín ní ẹ̀yìn, tí ara yóò fi kú tìpìrì láti ìbàdí lọ sí ìsàlẹ̀. Wọ́n tún lè fi oògùn sí ẹ̀gbẹ́ iṣan ara tí ń gbé ìrora orúnkún lọ sí ọpọlọ. Nítorí ìdí èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ ìrora kankan lára ní wákàtí àkọ́kọ́. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa fi fóònù kí àwọn ọmọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn tàn yín jẹ. Oògùn náà yóò kúrò lára, nígbà mìíràn láàárín òru. Ẹ lo hóró oògùn tí nọ́ọ̀sì bá gbé wá kí ìrora tó dé, ẹ má ṣe sọ pé “kò tíì dùn mí”. Ìrora tí a bá jẹ́ kí ó ga tán ṣòro ó fà sọ̀kalẹ̀.

Ìwà ọmọlúwàbí wa pàápàá máa ń dá ìṣòro sílẹ̀ níhìn-ín. Nọ́ọ̀sì yóò béèrè pé, “Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Báwo ni ìrora náà?” Ìyá yóò dáhùn pé, “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.” Ìdáhùn rere ni fún ẹni tí ó wá kí ni, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò rí ohunkóhun kọ sínú ìwé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi iye sí i láti 0 dé 10, tí 0 jẹ́ pé kò sí ìrora rárá, tí 10 sì jẹ́ èyí tí ó burú jù lọ tí ẹ lè fọkàn rò, ẹ fún wọn ní iye. Ẹ sì lo èdè wa bí ó ti jinlẹ̀ tó. Èyí tí ń ro yàtọ̀ sí èyí tí ń gún, èyí tí ń ta yàtọ̀ sí èyí tí ń jó bí iná, èyí tí ó kú tìpìrì sì tún yàtọ̀. Ìrora tí ń jó tàbí tí ń ta lè wá láti inú iṣan ara, oògùn tí ó sì bá a mu lè yàtọ̀ sí ti ìrora tí ń ro lásán.

Kò sí ẹni tí ó lè ṣe ìlérí pé ẹ kò ní mọ ìrora kankan. Ohun tí a ń lépa ni pé kí ẹ lè wúkọ́, kí ẹ lè sùn, kí ẹ lè tẹ orúnkún, kí ẹ sì lè dìde rìn ní ọjọ́ náà gan-an tàbí ní ọjọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ó máa ń le jù. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀, yóò ti rọ̀ dáadáa ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wíwú lè pẹ́ tó oṣù mẹ́ta, tí ara kò sì ní mọ orúnkún náà tán pátápátá títí ọdún kan yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Ìṣirò oògùn nílé

Ohun tí àwọn dókítà ń ṣe ní òde òní ni pé kí wọ́n da oògùn oríṣiríṣi pọ̀ ní ìwọ̀n kékeré, dípò kí wọ́n gbára lé ẹyọ kan tí ó lágbára púpọ̀. Paracetamol sábà máa ń jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń fojú di í nítorí pé kò wọ́n, ṣùgbọ́n bí a bá lò ó déédéé ní àkókò rẹ̀, ó ń dín ìwọ̀n oògùn líle tí ara nílò kù. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kò gbọdọ̀ lò ju hóró 8 tí ó jẹ́ mìlígíráàmù 500 lọ láàárín wákàtí 24: hóró méjì lẹ́ẹ̀kan, kí wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà wà láàárín. Ẹni tí kò wọ̀n tó kílò 50, tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dá, tàbí tí ó ń mutí gan-an, iye tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré sí i.

Ibi tí ìṣirò náà ti ń dàrú ni pé paracetamol fara pamọ́ sínú ọ̀pọ̀ oògùn mìíràn. Ó wà nínú oògùn ọ̀fìnkìn, ó wà nínú àwọn hóró ara ríro tí wọ́n pò mọ́ ibuprofen tàbí aspirin. Ẹni tí ó lo hóró mẹ́jọ tí ilé ìwòsàn fún un, tí ó wá fi hóró méjì “ti ara ríro” kún un ní alẹ́, lè ti kọjá ààlà láìmọ̀. Ẹ̀dọ̀ tí ó bá fara gbọgbẹ́ lọ́nà yìí kì í kígbe lọ́jọ́ kìíní. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ fún ọmọ tí ó mọ̀wé, tàbí kí ẹ béèrè lọ́wọ́ apòògùn. Ẹ fi ìwé kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí ẹ máa kọ orúkọ oògùn àti aago tí ẹ lò ó sí i. Bí ènìyàn méjì bá ń tọ́jú aláìsàn kan, ọmọ lọ́sàn-án àti aya ọmọ lóru, ìwé yìí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Bí dókítà bá fi ibuprofen tàbí diclofenac kún un, ẹ jẹun kí ẹ tó lò ó, ẹ má sì lo méjèèjì pọ̀. Ó tún ṣeé ṣe kí wọ́n fún yín ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀, èyí tí ẹ ó máa lò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ má ṣe fi oògùn ara ríro kankan kún un láìbéèrè, ẹ sì jìnnà sí àgbo. Ìgbẹ́ tí ó dúdú bí ọ̀dà tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú èébì túmọ̀ sí pé ikùn ń ṣẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn kíákíá ni.

Tramadol àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ààyè tiwọn. Fún ọjọ́ mélòó kan títí dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n lè jẹ́ kí ènìyàn sùn, kí ó sì lè ṣe eré ìdárayá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tramadol tí àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá lóòjọ́ jẹ́ mìlígíráàmù 400. Fún ẹni tí ó ti lé ní ọdún 75, kì í kọjá 300. Ẹ wá fi èyí wé oníke 225 tí wọ́n ń tà ní ìkọ̀kọ̀ ní ìgboro: méjì péré ti jẹ́ 450. Ìdí nìyí tí ó fi ń mú gìrì bá àwọn ọ̀dọ́ tí ń lò ó. Ẹni tí ó ní wárápá, tàbí tí ó ń lo oògùn ìdààmú ọkàn, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí ó tó fẹnu kàn án. Ní ti codeine, ẹ ó rántí pé ní ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ olómi tí ó ní i nínú wọ orílẹ̀-èdè yìí.

Oògùn líle wọ̀nyí àti ọtí kò gbọdọ̀ pàdé nínú ara kan náà, bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn oorun bíi diazepam àti bromazepam. Bí wọ́n bá pàdé, èémí lè máa lọ sílẹ̀ títí yóò fi dúró. Bí aláìsàn bá ń sùn jù, tí ẹ jí i tí kò dáhùn dáadáa, tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀ tàbí tí ó ń han-an-run lọ́nà tí kò bá tirẹ̀ mu, ẹ má ṣe sọ pé “ẹ jẹ́ kí ó sinmi”. Ẹ má fún un ní hóró mìíràn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Àìrígbẹ́ yà jẹ́ ohun tí ó máa ń bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lo oògùn líle. Omi, ewédú, ilá àti ìbẹ́pẹ ń ṣèrànwọ́. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá, ẹ béèrè oògùn rẹ̀.

Ohun tí kì í ṣe oògùn

Omi dídì ń dín ìrora àti wíwú kù ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ẹ lè gbé omi inú ọ̀rá sínú fíríìsà títí yóò fi dì, kí ẹ fi aṣọ ìnura wé e, kí ẹ gbé e lé orúnkún fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ní ìgbà mélòó kan lóòjọ́. Bí kò bá sí iná, ẹni tí ń ta omi tútù ní òpópónà yóò ní i. Ẹ má jẹ́ kí ó kan ara lásán, ẹ má sì jẹ́ kí omi wọ ojú egbò.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sókè, abẹ́ gìgísẹ̀ ni kí ìrọ̀rí wà, kì í ṣe abẹ́ orúnkún, bó ti wù kí ó tuni lára tó. Orúnkún tí ó bá kọ́ láti máa tẹ̀ sórí ìrọ̀rí lè má nà tán mọ́. Ẹ lo oògùn yín ní bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan kí onímọ̀ físíò tó dé, kí ẹ baà lè bá a ṣiṣẹ́. Òògùn yóò là yín nígbà náà, yóò sì dunni díẹ̀. Ìrora yẹn kò túmọ̀ sí pé ohun kan ń já nínú.

Àwọn ará ilé tí ó nífẹ̀ẹ́ ìyá wọn yóò fẹ́ fi àdí tàbí ìpara gbígbóná fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà. Ẹ dákun, ẹ dá wọn dúró. Ìpara kò gbọdọ̀ dé ibi egbò. Fífọwọ́ ra iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ sì léwu, nítorí pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì níbẹ̀, ó lè já, kí ó sì gba inú iṣan lọ sí ẹ̀dọ̀fóró.

Ó ku ti ìkúnlẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn máa ń tijú láti béèrè. Kíkúnlẹ̀ lórí orúnkún tuntun máa ń ni ọ̀pọ̀ ènìyàn lára fún oṣù púpọ̀, àwọn mìíràn kì í sì í gbádùn rẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹ jókòó sórí àga kí ẹ kírun; ẹ jókòó gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ìyàwó ilé tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún bá kí ìyá ọkọ rẹ̀ ní ìdúró, kí ìyá ọkọ má ṣe kà á sí àfojúdi. Àpótí ìdáná náà ní láti kúrò nílẹ̀ fún ìgbà kan. Àga gíga ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ padà sí ilé ìwòsàn láìdúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín bí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ bá wú tí ó sì ń dunni nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, bí àyà bá ń dunni tàbí tí èémí kò délẹ̀, bí ibà bá dé, bí ojú egbò bá pupa sí i tàbí tí ó ń ṣọyún, bí ìtọ̀ bá dín kù gan-an, tàbí bí ìrora tí ó ti ń rọ̀ bá ṣàdédé le padà. Ẹ má ṣe fi oògùn ìrora bo ìwọ̀nyí mọ́lẹ̀ nílé.

Bí oògùn líle bá ṣẹ́kù nígbà tí ara bá ti yá, ẹ má ṣe fún aládùúgbò tí orúnkún tirẹ̀ náà ń dùn, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lórí tábìlì níbi tí àwọn ọmọ ọmọ ń ṣeré. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí títí ọjọ́ àyẹ̀wò, kí ẹ sì kó o padà fún apòògùn ilé ìwòsàn.